“database is locked”: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fi Python kọ nǹkan sínú SQLite

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tí ètò kékeré rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geerege nígbà tó dá wà, tó wá ń ṣubú látìgbà tí ètò kejì ti dé ìdí fáìlì kan náà. Àpẹẹrẹ kan ni a ó máa lò látòkè délẹ̀: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń fi fáìlì SQLite kan, `egbe.db`, pa ìṣírò mọ́. Ètò kan ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san wọlé, èkejì ń fi SMS ránṣẹ́ sí ẹni tó san, ẹ̀kẹta ń ṣírò èrè lóru. Python 3.11 sókè ni mo fi kọ kóòdù inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ lọ tààrà síbi tí a ti sọ̀rọ̀ timeout tí kò gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ń wá.

Kí ni error yìí ń sọ gan-an?

`sqlite3.OperationalError: database is locked` ń sọ pé ètò yín fẹ́ kọ nǹkan, tàbí nígbà mìíràn pé ó fẹ́ kà, ṣùgbọ́n ètò mìíràn ló di kọ́kọ́rọ́ (lock) fáìlì náà mú. SQLITE_BUSY ni SQLite ń pè é, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 5. Fáìlì yín kò bàjẹ́. Ohunkóhun tí ẹ ti COMMIT tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ti fi pamọ́ pátápátá, wà níbẹ̀ digbí. Èyí tí ẹ fẹ́ kọ báyìí ni kò tíì wọlé, ọwọ́ yín ló sì kù sí bóyá kẹ́ ẹ tún un kọ ni o, tàbí kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń dúró pé kò bọ́ sí i.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ SQLITE_LOCKED, nọ́ńbà 6, èyí tó máa ń sọ pé “database table is locked”. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú connection (ọ̀nà tí ètò ṣí sínú fáìlì) kan náà ni ìjà tiẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ fẹ́ DROP tábìlì tí ẹ ṣì ń ka nǹkan lára rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lè dúró di ọ̀la, kò ní yanjú. Kóòdù lẹ máa tún ṣe.

Kí ló dé tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan?

Nítorí pé SQLite kò ní sáfà. Látìgbà tí D. Richard Hipp ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000 ló ti rí bẹ́ẹ̀: ètò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí fáìlì fúnra rẹ̀, kò sí alága kan láàárín tó ń pín iṣẹ́. Ẹ wò ó bí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà lórí tábìlì níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni márùn-ún lè na ọrùn kà á pa pọ̀, àmọ́ bíírò kan ṣoṣo ló wà, ẹni tó bá mú un ló lè kọ.

Ní ọ̀nà àtilẹ̀wá SQLite, ìyẹn rollback journal, ẹni tó ń kà ń gba kọ́kọ́rọ́ SHARED, ọ̀pọ̀ sì lè mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ kọ ń gba RESERVED, òun nìkan. Nígbà tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì gan-an, á gba PENDING, èyí tó ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tí àwọn tó wà nínú bá ti jáde tán, á gba EXCLUSIVE. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ kí kíkà tó pẹ́ lè dí kíkọ lọ́wọ́, kí kíkọ náà sì lè dí kíkà lọ́wọ́.

Ṣé Python kì í dúró fúnra rẹ̀ ni?

Ó ń dúró. `sqlite3.connect()` ní `timeout`, ìyẹn iye àkókò tó máa fi dúró de kọ́kọ́rọ́; tí ẹ kò bá sì fọwọ́ kàn án, sẹ́kọ́ǹdì 5 ni. Láàárín àkókò yẹn, SQLite á máa gbìyànjú, á sùn díẹ̀, á tún gbìyànjú. Oorun náà ń gùn sí i: mílísẹ́kọ́ǹdì 1, lẹ́yìn náà 2, 5, 10, 15, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé 100, á sì dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi SQL sọ ọ́, `PRAGMA busy_timeout = 5000` ni, mílísẹ́kọ́ǹdì sì ni nọ́ńbà ibẹ̀. Connection kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kò sí nínú fáìlì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí connection tuntun.

Kò sí ìlà tí ẹnikẹ́ni ń tò níbẹ̀. Ètò tó ti ń dúró fún sẹ́kọ́ǹdì 4 lè wà lójú oorun nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀, kí ètò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì gbé e lọ. Tí àwọn tó ń kọ bá pọ̀, ẹnì kan á máa pàdánù ṣáá. Nígbà náà, ẹ lè fi timeout sí 30, error náà á dínkù, àmọ́ kò ní tán.

Mo ti fi timeout sí 60, síbẹ̀ error náà jáde lójú ẹsẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn bi ara wọn nìyí kí wọ́n tó kọ ìlà kan ṣoṣo fún àtúngbìyànjú.

Ẹ jẹ́ ká wo ètò méjì, A àti B, lórí `egbe.db`. A sọ pé `BEGIN`, èyí tó ń ṣí transaction (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó máa wọlé pa pọ̀ tàbí kó má wọlé rárá), ó sì ka àkù ọmọ ẹgbẹ́ kan: ₦40,000. B náà sọ pé `BEGIN`, ó ka àkù kan náà: ₦40,000. Àwọn méjèèjì ti mú SHARED. A wá fẹ́ UPDATE, ó gba RESERVED. B náà fẹ́ UPDATE. Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ A. Tí B bá dúró de A, A kò lè parí COMMIT láéláé, nítorí A náà ń dúró kí B tú SHARED tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì á dúró wo ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

SQLite mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi bẹ B pé kó dúró rárá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló dá SQLITE_BUSY padà fún un, timeout ì báà jẹ́ 60 tàbí 600. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún B bákan náà: tí wọ́n bá jẹ́ kó kọ̀wé, orí ₦40,000 tí kì í ṣe òótọ́ mọ́ ni ì bá kọ ọ́ lé, owó tí A kọ á sì pòórá. Nínú WAL, tí a máa dé láìpẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ní nọ́ńbà tirẹ̀: SQLITE_BUSY_SNAPSHOT, 517.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó ń lo Python ń gbà kó sínú rẹ̀ láìfura. Àkọ́kọ́ ni `BEGIN` lásán tí SELECT tẹ̀ lé, bí èyí tó wà lókè yìí. Èkejì ni lúùpù báyìí:

```python
for id_, aku in conn.execute("SELECT id, aku FROM omo_egbe"):
    conn.execute("UPDATE omo_egbe SET ere = ? WHERE id = ?",
                 (aku * 0.05, id_))
```

Níwọ̀n ìgbà tí SELECT yẹn kò bá tíì parí, connection yín ṣì ń kà, UPDATE inú rẹ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kó gbogbo ìlà jọ pẹ̀lú `.fetchall()` kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí UPDATE kan ṣoṣo ṣe ìṣirò náà nínú SQL. Ẹ̀kẹta ni `autocommit=False` tó dé pẹ̀lú Python 3.12: transaction ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo níbẹ̀, nítorí náà SELECT tí ẹ ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn lè wà nínú transaction kan náà pẹ̀lú UPDATE ìsinsìnyí.

Oògùn rẹ̀ ni `BEGIN IMMEDIATE`. Ó ń gba kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀wé kó tó ka ohunkóhun. Bí ẹlòmíràn bá ti mú un, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa dúró, láìtíì di ohunkóhun mú, timeout yín á sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá wọlé tán kì í tún bá ẹlòmíràn jà lórí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé.

Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ nínú Python?

Ẹ gba transaction lọ́wọ́ Python, kí ẹ máa darí rẹ̀ fúnra yín. `isolation_level=None` ló ń ṣe ìyẹn:

```python
import random, sqlite3, time

def si_egbe(ona):
    return sqlite3.connect(ona, timeout=5.0, isolation_level=None)

def owo_di(e):
    koodu = getattr(e, "sqlite_errorcode", 0)
    return (koodu & 0xFF) == sqlite3.SQLITE_BUSY

def ko_sinu(conn, ise, igba=6):
    for i in range(igba):
        try:
            conn.execute("BEGIN IMMEDIATE")
            esi = ise(conn)
            conn.execute("COMMIT")
            return esi
        except BaseException as e:
            if conn.in_transaction:
                conn.execute("ROLLBACK")
            if not owo_di(e) or i == igba - 1:
                raise
        time.sleep(random.uniform(0, min(2.0, 0.05 * 2 ** i)))
```

Ẹ ó rí i pé `ise` jẹ́ fọ́ńṣọ̀n. Gbogbo iṣẹ́ transaction náà ló wà nínú rẹ̀, títí kan kíkà tí ẹ fẹ́ gbé ìpinnu kà. Bí ìgbìyànjú kan bá kùnà, ROLLBACK á nu gbogbo rẹ̀ nù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi àtúngbìyànjú yí `execute` kọ̀ọ̀kan ká. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Nínú ọ̀rọ̀ A àti B, B lè tún UPDATE rẹ̀ gbìyànjú nígbà ẹgbẹ̀rún, pàbó ni, nítorí SHARED tó dì mú gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀nà là.

Ẹ tún kíyè sí ìlà tó mú error tí kì í ṣe BUSY, tó sì jù ú síta lójú ẹsẹ̀. Error bíi “no such table” kò ní sàn nítorí pé ẹ sùn díẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò kàn wo bóyá “locked” wà nínú ọ̀rọ̀ error náà?

Nítorí “database table is locked” náà ní “locked” nínú, a sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Láti Python 3.11 ni exception ti ń gbé `sqlite_errorcode` àti `sqlite_errorname` dání. Nọ́ńbà tó ń gbé wá lè jẹ́ èyí tó gùn, bíi 517; `& 0xFF` ló ń gé e padà sí 5. Bí ẹ bá ṣì wà lórí Python tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ fi `str(e) == "database is locked"` wò ó, kó bára mu délẹ̀.

Kí ni random yẹn ń ṣe níbẹ̀?

Ká ní cron, ètò tó ń gbé iṣẹ́ dìde ní àkókò tí a yàn, gbé ètò SMS àti ètò èrè dìde ní agogo 11 alẹ́ gẹ́ẹ́, wọ́n sì kọlu ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá sun mílísẹ́kọ́ǹdì 50, wọ́n á jí pọ̀, wọ́n á tún kọlu ara wọn. Bí wọ́n bá wá sun 100, bákan náà ni. Tí oníkálukú bá mú iye tí a kò lè sọ tẹ́lẹ̀ láàárín 0 àti òkè rẹ̀, wọ́n á pín yà. `min(2.0, …)` ni kò jẹ́ kí oorun náà gùn kọjá ààlà.

Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́: timeout sẹ́kọ́ǹdì 5 ní ìgbà 6 jẹ́ 30, ká má tíì ka oorun àárín. Fún ètò òru, kò burú. Àmọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ bá dúró lẹ́nu fèrèsé tó ń retí rìsíìtì, ẹ dín timeout sí 1 àti `igba` sí 3, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un kíákíá.

Ṣé owó kan ò ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì?

Nínú dátábéèsì, rárá, nígbà tí ROLLBACK bá ti ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ewu wà ní ẹ̀yìn òde. Bí fọ́ńṣọ̀n `ise` bá fi SMS ránṣẹ́, tí COMMIT wá kùnà, a ti sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé owó rẹ̀ wọlé, kò sì wọlé. Tí a bá tún gbìyànjú, SMS kejì á tún lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tí ROLLBACK kò lè dá padà wà nínú `ise`: SMS, ímeèlì, owó tí ẹ ń yọ ní báǹkì. Ẹ kọ ọ́ sínú tábìlì kan pé ó yẹ kó lọ, nínú transaction kan náà, kí ètò SMS wá ka tábìlì yẹn lẹ́yìn COMMIT.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ń bọ̀ láti ita: akọ̀wé tẹ bọ́tìnì, kò rí èsì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Fún ìyẹn, ẹ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà rìsíìtì látọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí òpó náà jẹ́ UNIQUE:

```python
def gba_owo(conn):
    c = conn.execute(
        "INSERT INTO isanwo (risiti, omo, iye) VALUES (?, ?, ?) "
        "ON CONFLICT (risiti) DO NOTHING", (risiti, omo, iye))
    if c.rowcount == 1:
        conn.execute("UPDATE omo_egbe SET aku = aku + ? WHERE id = ?",
                     (iye, omo))

ko_sinu(conn, gba_owo)
```

`aku = aku + ?` ni mo kọ, mi ò ka àkù wá sínú Python kí n tó fi kún un. Bó ṣe wà yìí, iye tó wà nínú fáìlì lákòókò náà gan-an ló ń lò.

Ṣé WAL kò ní yanjú gbogbo rẹ̀?

Ó ń yanjú ìdajì tó pọ̀ jù. WAL (write-ahead log) dé pẹ̀lú SQLite 3.7.0 ní 2010. Ohun tuntun tí a bá kọ ń lọ sínú fáìlì `egbe.db-wal` ná, nítorí náà ẹni tó ń kà kì í dí ẹni tó ń kọ lọ́wọ́, ẹni tó ń kọ kì í sì í dí ẹni tó ń kà. Ètò èrè tó ń ka gbogbo ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní dá owó wíwọlé dúró mọ́. `PRAGMA journal_mode = WAL` lẹ́ẹ̀kan ti tó; inú fáìlì ló ń gbé, yàtọ̀ sí busy_timeout.

Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ kò ju ọ̀kan lọ náà, nítorí náà `BEGIN IMMEDIATE` àti sùúrù kò kúrò níbẹ̀. Kíkà tí kò parí tún ń ní ìyà tirẹ̀: SQLite máa ń fẹ́ kó ohun inú `-wal` padà sínú fáìlì gidi nígbà tó bá tó ojú ewé 1,000, àmọ́ kò lè kọjá ibi tí ẹni tó ṣì ń kà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi connection kan sílẹ̀ láàárín SELECT látàárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ wá wo bí `-wal` ṣe máa wú.

Mo ti pa gbogbo ètò mi, ó ṣì ń sọ pé ó wà ní títì.

Ètò kan ṣì wà láàyè. Kọ́kọ́rọ́ kì í dá wà lẹ́yìn ètò tó mú un. Tí process bá kú, kódà bí a bá fi `kill -9` pa á, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gba kọ́kọ́rọ́ padà. Lórí Linux, `fuser egbe.db` tàbí `lsof egbe.db` á fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn yín. Ẹni tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni fèrèsé DB Browser for SQLite tí ẹnì kan ti yí nǹkan nínú rẹ̀ tí kò tíì tẹ Write Changes. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò tó gbé `BEGIN` ṣáájú tó wá ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fa sẹ́yìn fún ogún sẹ́kọ́ǹdì, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ inú transaction.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ má ṣe pa fáìlì `egbe.db-journal` tàbí `egbe.db-wal` rẹ́ kí títì náà lè tú. Journal ni SQLite fi ń tún fáìlì ṣe bí iná bá lọ láàárín kíkọ; `-wal` sì lè ní owó tí ẹ ti COMMIT, tí kò tíì dé inú fáìlì gidi. Ẹni tó bá pa wọ́n rẹ́ lè ba dátábéèsì tó wà ní àlàáfíà jẹ́.

Ṣé mo lè gbé fáìlì náà sórí fódà tí gbogbo ọ́fíìsì ń pín lo?

Ẹ má ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé fọkàn tán, WAL kò sì lè ṣiṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà méjì rárá, nítorí ó nílò mẹ́mọ́rì tí gbogbo ètò jọ ń lò.

Django ni mo ń lò, mi ò kọ BEGIN fúnra mi.

Láti Django 5.1, ẹ fi `"transaction_mode": "IMMEDIATE"` sínú `OPTIONS` dátábéèsì yín, pẹ̀lú `"timeout": 20`. Ó tó.

Àwọn èdè mìíràn ńkọ́?

Ọgbọ́n kan náà ni, orúkọ ló yí padà. Tcl, tí SQLite ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún fún, ní `db timeout 5000`, ó sì ní `db busy` fún ẹni tó fẹ́ kọ ìlànà ìdúró tirẹ̀. Perl ní `$dbh->sqlite_busy_timeout(5000)`, PHP ní `$db->busyTimeout(5000)`, Ruby ní `db.busy_timeout = 5000`. Kò sí èyí tó lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ A àti B láìsí `BEGIN IMMEDIATE`.

Mo ní thread (ẹ̀ka iṣẹ́ inú ètò kan náà) mẹ́wàá tí gbogbo wọn ń kọ.

Ẹ fi thread kan ṣoṣo kọ. Kí mẹ́sàn-án yòókù máa ju iṣẹ́ sínú `queue.Queue`, kí ọ̀kan yẹn máa kó wọn, ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan sínú transaction kan. Yóò yá ju kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá máa jà lọ, nítorí COMMIT lówó lórí dísìkì, INSERT kò sì lówó. Lójú tèmi, ó dára ju àtúngbìyànjú èyíkéyìí lọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Tí mo bá kó lọ sí PostgreSQL tàbí MySQL, ṣé mo lè ju `ko_sinu` nù?

Ẹ mú un dání. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kọ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì lè di ara wọn mú lórí ìlà kan náà. Ní PostgreSQL, ẹ wo kóòdù 40P01 fún deadlock (kí méjì máa dúró de ara wọn) àti 40001 fún transaction tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ní MySQL, 1213 àti 1205. Ìyàtọ̀ kan wà nínú 1205 tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́: bí InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú tábìlì, ṣe wà láìjẹ́ pé a yí i padà, ó ń dúró fún sẹ́kọ́ǹdì 50, ìlà SQL tó kùnà nìkan ló sì ń dá padà, ìyókù transaction yín ṣì wà ní ṣíṣí pẹ̀lú gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ti gbà. ROLLBACK tó wà nínú `ko_sinu` ló máa tú u sílẹ̀.